Súfèé Tó Gba Ìwé Ìwakọ̀ Lọ́wọ́ Ọdẹ́kúnlé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tì mí wọ̀nyí, ẹ sún mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ má sún mọ́ mi jù, nítorí bí mo bá ń rojọ́, itọ́ a máa fò lẹ́nu mi bí òjò àkọ́rọ̀. Àwọn ọdẹ mìíràn, bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀tàn, ẹran tí wọ́n pa ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà. Èmi náà ti pa ẹran. Mo pa ẹfọ̀n kan rí tí ìwo rẹ̀ gbòòrò tó ẹnu ọ̀nà ilé yìí, ọkọ mi tó jẹ́ ọdẹ pàápàá ti gun igi lọ nígbà tí mo ń yìnbọn fún ẹfọ̀n náà. Ṣùgbọ́n n kò ní í fi ẹran bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ìwà òmùgọ̀ mi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá só láàárín àwùjọ, bó bá tètè jẹ́wọ́, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a ṣí fèrèsé. Bó bá dákẹ́, gbogbo ilé ni yóò rùn.

Òun nìyí: èmi ni mo súfèé. Ọmọ mi Ọdẹ́kúnlé ni wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ètè tèmi yìí ló fa ìwé náà yọ lápò rẹ̀.

Ọdẹ́kúnlé, ọmọ ọdẹ ni, ṣùgbọ́n ìbọn kò bá a lára mu. Ọkọ̀ ló fẹ́. Ó ní bọ́lẹ̀kájà kan báyìí, pákó ni gbogbo ara rẹ̀, a máa wúkọ́ bí àgùntàn tí òjò pa. Òun ló fi ń kó iṣu àti ẹran ìgbẹ́ gba Ọ̀nà Iwin kọjá, ọ̀nà tó la Igbó Àìwẹ̀yìn já. Kò sì sí ẹni tó lè wakọ̀ lọ́nà yẹn láìgba ìwé lọ́wọ́ àwọn ará Ibodè. Oríṣi méjì ni ìwé wọn: ìwé ẹrù wà fún ẹni tó ń kó ẹrù, ìwé èèyàn sì wà fún ẹni tó bá máa gbé ọmọ aráyé sínú ọkọ̀. Ìwé ẹrù ni ọmọ mi ní. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi lò ó, kò fi ọkọ̀ pa tolótòló rí.

Nígbà tó yá ni igi àfọ̀n wó lu Mọrẹ́nikẹ́, ìyàwó rẹ̀, lóko. Ẹsẹ̀ méjèèjì kú pátápátá. Ó ku ẹnu, ẹnu yẹn náà ló sì fi ń pa wá lẹ́rìn-ín lórí ẹní àìsàn, tí àwa tí ẹsẹ̀ wa pé fi ń sunkún. Àwọn ará Ìlú Àtúnṣe, tí wọ́n ń gbé lódìkejì Igbó Àìwẹ̀yìn, ló wá gbé e lọ láti fún un ní ẹsẹ̀ tuntun. Wọn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Májẹ̀mú ni wọ́n bá wa dá.

"Ẹ wá mú un kí oòrùn ọjọ́ kẹtàdínlógún tó wọ̀," ni wọ́n wí. "Ẹsẹ̀ tuntun kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ igbó títí yóò fi tẹ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí a kò rí yín, a ó sọ ọ́ lórúkọ, yóò di tiwa. Orúkọ àtijọ́ àti ohun gbogbo tó bá a rìn yóò jò dànù lórí rẹ̀ bí omi ṣe ń jò nínú ajere."

Ẹ ti rí i báyìí pé ìwé èèyàn di dandan. Ọjọ́ kẹtàlá ni Ibodè yóò tó tún dá awakọ̀ wò. Bó bá yege lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ yóò dé Ìlú Àtúnṣe lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi yóò sì sùn sílé rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta.

Mo bá a lọ. Ta ló pè mí? Kò sí ẹni tó pè mí. A wà nínú ọkọ̀, mo ní, "Kúnlé, ìdánwò yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣe é nígbà tí mo ṣì ní eyín."

"Ìyá mi, ẹ̀ẹ̀mẹta náà lẹ sì fìdí rẹmi."

"Ẹni tó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta ló mọ ìdáhùn jù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi fà á létí! N ó wà lẹ́yìn ọgbà. Bí ìbéèrè kan bá ta kókó, gbójú sókè wo ọ̀run, n ó súfèé ìdáhùn rẹ̀ sí ọ."

"Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n."

"Bó o bá gbàgbé ńkọ́? Ṣé ìwọ lo ó ṣàlàyé fún ìyàwó mi ni?"

Ọkọ̀ gun òkè kan, ó gun èkejì. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ rọra sú u o."

Ẹ gbọ́ bó ti wí? Kò ní kí n má sú u. Kí n rọra sú u ló ní. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti gba wọlé, kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

Bí a ti ń lọ, Ẹ̀yìnlojú dínà mọ́ wa. Iwin yìí, ìpàkọ́ ni ojú rẹ̀ wà. Irun nìkan ló wà níbi tó yẹ kí imú wà. Bó bá ń lọ síwájú, ibi tó ti kúrò ló ń wò. Ó kọ ìpàkọ́ sí wa kó lè rí wa, ó ní, "Ẹ dáhùn, tàbí kí n jẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó sáré láti àárọ̀ dọ̀sán, kò kúrò lábẹ́ ilé baba rẹ̀. Kí ni?"

Kí Ọdẹ́kúnlé tó la ẹnu, mo ti pariwo: "Ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀!"

Ẹ̀yìnlojú rẹ́rìn-ín títí ewé fi wọ́ lórí igi. "Ìyá, ajá kì í gọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín tẹ́ ẹ pa mí nìkan ni mo ṣe fún un yín ní ẹ̀ẹ̀kan sí i."

"Táyà ni," ni Ọdẹ́kúnlé wí. "Abẹ́ ọkọ̀ ló wà tó ń sáré."

Iwin náà yà fún wa. Bí ọkọ̀ ti ń kọjá lára rẹ̀, ó sọ fún ọmọ mi pé, "Orí rẹ pé. Má gbé e fún ẹlòmíràn rù." Mo sì bú u. Mo ní kí ló kàn án, aláìnímú lásán-làsàn.

A dé Ibodè. Ẹni tó ń dá awakọ̀ wò níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Bàbá Bíréèkì. Ó ga bí ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ni ẹ̀rù ń bà mí sí: ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ó sì pọ́n bí irin tí alágbẹ̀dẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná. Bó bá fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ ilẹ̀, ohun gbogbo tó wà ní àyíká a dúró: ẹyẹ a dúró lófuurufú, èéfín a dúró lórí ààrò, ẹni tó ń sín a dúró láàárín ìsín. Títí yóò fi gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ohun kan kò ní í mira.

Àwọn mẹ́fà ló wá ṣe ìdánwò. Iwin olórí méjì kan wà lára wọn tí wọ́n fi òwú dí etí orí kejì, kí orí kan má baà jí ìdáhùn èkejì gbọ́. Olúkúlùkù fi eyín kan irin, wọ́n búra pé: "Ohun tí mo mọ̀ ni n ó kọ. Ohun tí n kò mọ̀, n ó fi sílẹ̀." Wọ́n fún wọn ní pákó funfun pẹlẹbẹ àti èédú. Ìbéèrè méje ni. Ẹni tó bá gba mẹ́rin ti yege.

Ìyá arúgbó kan sọ fún aṣọ́gbà pé òun fẹ́ lọ tọ̀. Ta ni ìyá arúgbó náà bí kò ṣe èmi? Mo gba ẹ̀yìn ọgbà, mo lóṣòó sínú koríko, ojú mi wà lára ọmọ mi láti inú ihò ọgbà. N kò mọ̀ pé orí ìjàlọ ni mo lóṣòó lé.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ dé, Ọdẹ́kúnlé kọ ọ́. Èkejì, ó kọ ọ́. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, kò wo òkè rárá, ṣe ni èédú ń fò lọ lórí pákó. Ó gbà wọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín: ọmọ mi ti yege, kò mọ̀, èmi náà kò mọ̀.

Bàbá Bíréèkì wá bi wọ́n ní ìkarùn-ún: "Òkú ń kọjá lójú ọ̀nà, àwọn ẹbí rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ìwọ ń bọ̀, èèyàn kún ọkọ̀ rẹ. Kí lo ó ṣe?"

Ọdẹ́kúnlé kọ ọ́: DÚRÓ. Òógùn wá ń ṣàn bọ̀ sójú rẹ̀, ó gbójú sókè kó má baà ta á lẹ́yinjú.

Mo ní, àmì nìyẹn!

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ súfèé ọdẹ. Ẹran igbó a máa gbọ́ ọ̀rọ̀, nítorí náà ohùn ọ̀rọ̀ nìkan la máa ń sú, a kì í sọ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ohùn òkè, "ọ̀tún" nìyẹn. Ìsàlẹ̀ méjì, "òsì" ni. Mo fẹ́ sú "dúró". Bí mo ti ká ètè jọ ni ìjàlọ wọnú ìró mi, kì í ṣe ẹyọ kan, odidi ogun ni, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Súfèé náà jáde lẹ́nu mi bí igbe àwòdì: fíì! fíì! Òkè méjì.

Dúró, òkè méjì. Ṣùgbọ́n sáré ńkọ́? Ẹ sú u wò. Òkè méjì náà ni. Láti ìgbà tí Ọdẹ́kúnlé ti wà lọ́mọ ọdún méje tí mo ti ń mú un wọ igbó, bí ẹfọ̀n bá dojú kọ wá, súfèé yẹn gan-an ni mo máa ń sú fún un, a sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Kò gbọ́ ọ rí kó ní ìtumọ̀ mìíràn.

Ó wo ohun tó kọ. Inú rẹ̀ ń sọ fún un pé dúró ni. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé, ìyá mi ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Bóyá àwọn iwin kì í fẹ́ kí ọmọ aráyé dúró wo òkú wọn. Ó rántí ìbúra, ìtọ́wò irin ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó rántí Mọrẹ́nikẹ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu DÚRÓ kúrò, ó sì kọ SÁRÉ.

Bàbá Bíréèkì tẹ ilẹ̀.

Gbogbo nǹkan dúró. Èédú dúró lọ́wọ́ wọn. Àwọn ìjàlọ dúró níbi tí wọ́n ti ń gé mi jẹ, eyín wọn wà lára mi. Èmi náà dúró: mo lóṣòó, ìró mi ká sí itan, ètè mi yọ síwájú bí ẹnu ìkòkò. Bàbá Bíréèkì wá tẹ ara rẹ̀ ba láti orí ọgbà, bí ẹni pé ọ̀pẹ ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú mi pẹ́.

"Ìyá arúgbó, ta lò ń fẹnu kò lẹ́nu nínú koríko?"

Ó wọ́ ẹsẹ̀ náà nílẹ̀ lọ bá Ọdẹ́kúnlé láìgbé e sókè, ó ka pákó rẹ̀, ó sì ṣí ọwọ́ ọmọ mi. DÚRÓ wà lára àtẹ́lẹwọ́ náà, ó dorí kodò, èédú rẹ̀ ṣì ń tàn.

"Àtẹ́lẹwọ́ rẹ yege," ló wí. "Ìwọ lo kùnà." Ó sì gbé ẹsẹ̀ sókè.

Bí ẹsẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ ni ìjàlọ ń bá iṣẹ́ wọn lọ, mo fò wọnú ọgbà, mo ń jó ijó tí ẹnì kan kò lùlù fún. Mo ń pariwo pé, "Bàbá, ẹ̀bi mi ni! Ẹnu mi ni! Ẹ bá mi wí, ẹ fi ọmọ sílẹ̀!"

"Ẹnu rẹ kọ́ ló búra," ni Bàbá Bíréèkì wí.

Ọdẹ́kúnlé dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, mo jẹ̀bi. N kò ní í jiyàn. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi wà ní Ìlú Àtúnṣe, ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé e, kí n wá padà wá jẹ ìyà mi."

Bàbá Bíréèkì kò bínú. Ìyẹn ló burú jù lójú mi, pé kò bínú. Ó fà á dìde, ó mú un lọ sẹ́yìn ilé, mo sì ń tẹ̀ lé wọn. Pápá ńlá kan wà níbẹ̀, bàtà ló kún inú rẹ̀: sálúbàtà, bàtà ọmọdé, bàtà ìyàwó tuntun, ẹyọ kọ̀ọ̀kan gbogbo wọn, kò sí méjì tó dọ́gba. Wọ́n ń rìn káàkiri fúnra wọn nínú oòrùn, wọ́n ń wá ẹsẹ̀. Bàtà ọmọdé kékeré kan wá fara kan ẹsẹ̀ Ọdẹ́kúnlé, ó dúró díẹ̀, ó rí i pé òun kọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Àwọn tí awakọ̀ pa nìwọ̀nyí," ni Bàbá Bíréèkì wí. "Awakọ̀ tí ẹlòmíràn dáhùn fún. Olúkúlùkù awakọ̀ náà ló ní ìyàwó tó ń dúró dè é. Ẹni tí n kò lè gbà gbọ́ nínú ọgbà mi, n kò lè kó èèyàn sí i lọ́wọ́."

"Ìwé ẹrù mi ńkọ́, Bàbá?"

"Ìdáhùn tó o nù kúrò náà ni ìdájọ́ rẹ. Mo dá a dúró. Ọgọ́ta ọjọ́ ni o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀, ì báà ṣe ẹrù, ì báà ṣe èèyàn."

Ó gba ìwé náà, ó so ó kọ́ sórí igi ńlá kan lẹ́bàá ibodè, níbi tí ìwé àwọn mìíràn ti ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, ìwé kọ̀ọ̀kan a máa pe orúkọ olówó rẹ̀ àti ohun tó ṣe. A kò tíì rìn tó ogójì ẹsẹ̀ tí a fi gbọ́ ọ: "Ọdẹ́kúnlé! Ó nu òótọ́, ó kọ súfèé!"

Mo ní, "Kúnlé, wọnú ọkọ̀. Wà á lọ bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò dá ọ dúró nínú igbó?"

Ó wò mí. Kò tíì fi ojú yẹn wò mí rí. "Ẹ jókòó, Ìyá mi."

"N ó bá ọ lọ."

"Ẹ jókòó síbí. Bí n kò bá ní ìwé, mo ní ẹ̀yìn. N ó pọ̀n ọ́n wálé bí ọmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní í kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má bá mi lọ."

Èmi tí mo pa ẹfọ̀n, mo jókòó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Ìrìn ọjọ́ kan ni fún ọkọ̀. Fún ẹsẹ̀, ìrìn ọjọ́ mẹ́sàn-án ni. Kò tíì rìn jìnnà tó fi pàdé Ẹlẹ́bùrú, obìnrin arẹwà kan tí ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jẹ́ gègé ìkọ̀wé. Àpótí wà lórí rẹ̀, ìwé ìwakọ̀ ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ Ibodè lára wọn.

"Ọkọ ìyàwó, ẹ̀ ń rìn, ọkọ̀ yín ń sùn," ló wí. "Ìwé èèyàn rèé. Orúkọ yín nìkan ló kù tí n kò kọ sí i."

"Kí lẹ máa gbà?"

"N kò gba nǹkan kan. Ẹ ṣáà fi eyín kan irin wẹ́wẹ́ yìí, kẹ́ ẹ búra pé ẹ yege."

Ọdẹ́kúnlé mú irin náà. Ó gbé e dé ètè. Ọ̀dọ̀ ọkọ̀ kò jìnnà. Bó bá padà, yóò bá Mọrẹ́nikẹ́ lọ́la. Ó dúró síbẹ̀ tí irin náà fi gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Lójijì ló rí bàtà kékeré yẹn lọ́kàn, bó ti dúró lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ tó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó dá irin padà fún un.

N kò ní í purọ́ fún yín: bó bá ṣe èmi ni, mà bá ti gé irin náà jẹ, bí kò ṣe pé èrìgì lásán ni mo ní.

Ó rìn. Ó sáré. Ó la odò kan tí omi rẹ̀ ń ṣàn gòkè, tó ń dá a padà sẹ́yìn bó ti ń wẹ̀. Ó gun òkè kan tó ń yí lábẹ́ rẹ̀ bí táyà. Ó gùn ún láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ náà ló wà, títí ó fi dákẹ́ tí kò sáré mọ́, òkè náà sì dúró fún un kó kọjá. Ọjọ́ kan gbáko ni òkè yẹn jẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Awọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bó, ó fi ewé dì í, ewé náà bó. Ohun tí èèyàn ń fi ọjọ́ mẹ́sàn-án rìn, ó fi ọjọ́ márùn-ún rìn ín. Bẹ́ẹ̀, mẹ́rin la ní.

Ìyálẹ̀ta ọjọ́ kejìdínlógún ló wọ Ìlú Àtúnṣe. Àwọn èèyàn ń gbálẹ̀ ojúde. Èèpo obì wà nílẹ̀, igbá oyin wà níbẹ̀ tí eṣinṣin ń kùn lé lórí.

Aṣọ́bodè ìlú wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mi orí. "Ọ̀rẹ́, láti àárọ̀ àná la ti ń tẹ́tí sí ìró ọkọ̀."

Ìgbà náà ni Ọdẹ́kúnlé rí ìyàwó rẹ̀. Ó ń bọ̀ láti odò, ìkòkò wà lórí rẹ̀, ó ń rìn. Ẹsẹ̀ tuntun náà gún régé, ó ń dán, ó ń gbé wọn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ohun ọ̀ṣọ́.

"Mọrẹ́nikẹ́!"

Ó bojú wẹ̀yìn, ó ń wò ó bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Nígbà tí kò rí ẹnì kan, ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ bí èèyàn ṣe ń kúnlẹ̀ kí àlejò. "Ẹ kú ìrìn o. Àtúnbí lorúkọ mi. Áà, ẹsẹ̀ yín mà ń ṣẹ̀jẹ̀! Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́."

Ó bu omi, ó ń fọ ẹsẹ̀ fún un. Ó béèrè ohun tó gbé e rin irú ìrìn báyìí. Ọdẹ́kúnlé sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ohun kan pamọ́: ìdánwò, ìbúra, ìwé tó wà lórí igi, àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nígbà tó dé ibi ìjàlọ, obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó máa ń rín lórí ẹní àìsàn yẹn gan-an, kò yàtọ̀. Ọdẹ́kúnlé di etí ìkòkò mú kó má baà ṣubú.

Obìnrin náà fi etí ìró rẹ̀ nu ẹsẹ̀ náà gbẹ, ó wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú àánú, ó ní:

"Ìyàwó yín ọ̀hún, ṣé ó mọ̀ pé ẹ ń bọ̀?"